Wọ́n Kọ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Sójú Oórì

Bí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo máa ń dáhùn pé ilé ni mò ń yà. Èmi kọ́ ni mò ń kọ́ ọ, àwọn bíríkìlà ló ń kọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá ní ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí, tàbí tí ẹbí kan ní ilé àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, èmi ni n ó gbé téèpù lọ síbẹ̀, n ó wọ̀n ọ́n láti ìloro dé ẹ̀yìnkùlé, n ó sì padà sí ọ́fíìsì wa ní Òṣogbo láti gbé e kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ògiri, ìlẹ̀kùn, fèrèsé, òrùlé, gbogbo rẹ̀ yóò dìde lójú kọ̀ǹpútà, tí ènìyàn yóò lè yí i po bí ẹni tó dúró lójúde rẹ̀. Ilé inú kọ̀ǹpútà yìí là ń pè ní módẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní polí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo, àkítẹ́ẹ̀tì ọmọ Òṣogbo tó kọ́ mi níṣẹ́ dáadáa, tí mo sì bọ̀wọ̀ fún. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìṣọ̀tá ló ń mú mi sọ̀rọ̀. Inú ló bí mi. Ó sì ń bí mi di báyìí.

Ilé kan wà ní Iléṣà tí mo ti yà tipẹ́. Alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára. Ọ̀kan nínú àwọn òṣómàáló ló kọ́ ọ, lásìkò tí aṣọ àwìn ṣì ń sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá àgbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá náà tó wà lẹ́yìn odi ló gbé iṣẹ́ náà fún wa. Wọ́n fẹ́ kí á pààrọ̀ páànù rẹ̀, kí á sì ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì sínú ilé, kí ìyá wọn má baà máa jáde lọ sẹ́yìnkùlé mọ́ nígbà òjò.

Ọjọ́ tí mo lọ wọ̀n ọ́n, Màmá ń tẹ̀ lé mi kiri bí ẹni tó ń ṣọ́ adìẹ. Ògiri ilé náà nípọn débi pé mo jókòó sí ojú fèrèsé kan, ìdí mi gbà síbẹ̀ dáadáa. Kò sì sí ọ̀kan tó dọ́gba pẹ̀lú ìkejì. Ti ìsàlẹ̀ nípọn ju ti òkè lọ, ti apá ọ̀tún sì tẹ̀ díẹ̀ bí àgbàlagbà tó fara ti ọ̀pá. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń wọ̀n.

“Ẹ̀yin ará Òṣogbo yìí,” ni Màmá wí, “ẹ mà lè wọn nǹkan o. Àbí ẹ fẹ́ ra ulé mi ni?”

“Ulé” ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Màmá, bí ẹ bá tà á, ibo lẹ máa sùn?”

“Kò ṣeé tà,” ló dáhùn. Ó mú mi lọ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà bọ́ tèmi. Nínú yàrá náà, ilẹ̀ ga díẹ̀ lápá kan, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pa á, ó ń dán bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n nù ún.

“Yèyé mi ló sùn síbí. Òun ló dúró ti àwọn tó mọ ògiri yìí nígbà tí bàbá mi wà lọ́nà àjò. Wọ́n sin ín sínú ulé kí ẹnikẹ́ni má baà lè tà á láéláé.”

Nígbà tí mo gbé ilé náà kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí yàrá náà pé: “Ojú oórì. Ẹ má fọwọ́ kàn án.” Mo ya tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí Màmá ń sùn, lọ́nà ẹ̀yìn, níbi tí omi ti lè ṣàn jáde láìkọjá lára ohunkóhun. Màmá wo àwòrán náà nígbà tí mo mú un lọ hàn án, ó ní ó dára. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí á dúró ná kí ọwọ́ wọn lè tẹ owó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe sùn sínú kọ̀ǹpútà wa, òun àti ọ̀pọ̀ ilé mìíràn tí mo ti yà: ilé ìtọ́jú aláboyún kan ní Ìbòkun, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àtijọ́ kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi ní a fẹ́ pààrọ̀ sọ́fítíwíà tí a fi ń yàwòrán. N kò bá a jiyàn. Ti tẹ́lẹ̀ ti gbó, bí o bá fi í yí òrùlé padà, o lè lọ jẹun kí o tó padà wá bá a. Ṣùgbọ́n tuntun náà ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí àpótí tí wọ́n ti pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá ṣáájú kí ẹrù tó dé. Wọ́n ti yan irú ògiri tó lè wà nínú rẹ̀, wọ́n ti yan irú ìlẹ̀kùn, wọ́n ti yan orúkọ tí yàrá lè jẹ́: pálọ̀, yàrá ìbùsùn, ilé ìdáná, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ohun tó o bá fẹ́ kó síbẹ̀, àfi kó bá ọ̀kan mu. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò ti Ìjẹ̀ṣà wá, kò sì ronú kan ibẹ̀.

Ọ̀gá mi mú ọkùnrin kan wá láti Èkó kó wá bá wa kó àwọn módẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sínú tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì tuntun náà. Ó mọ́ tónítóní, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì lè lò ju oṣù kan lọ lọ́dọ̀ wa. Mo sọ fún ọ̀gá mi níṣojú rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n ṣí ti àtijọ́ sápá kan àti tuntun sápá kejì, kí n wò ó bóyá ilé kan náà ni.

“Ìgbà wo lo máa parí ẹ̀?” ni ọ̀gá mi bi mí.

“Ìgbà tó bá parí náà ni, sà.”

Ará Èkó náà rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é, kì í ṣe èmi tàbí ẹ̀yin.”

Wọ́n rán mi lọ sí Ìbòkun lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé láti lọ wo iṣẹ́ kan. Nígbà tí n ó fi dé, gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo ṣí ilé Iléṣà yẹn, mo rò pé ilé mìíràn ni mo ṣí. Ògiri tó nípọn tó ìjókòó ti di ti búlọ́ọ̀kù lásán, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, gbogbo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó tẹ̀ ti nà gbọnrangandan. Ṣe ni ilé náà rù bí ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀.

Mo pe ará Èkó náà. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ògiri yìí?”

“Mo tún un ṣe ni, àǹtí. Ó wọ́ tẹ́lẹ̀.”

“Bó ṣe rí nìyẹn. Ògiri alámọ̀ ni.”

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó ní, “Kò sí alámọ̀ nínú tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Kò sí alámọ̀ nínú tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì. Ìdajì Iléṣà ńkọ́? Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí lẹ́yìn Ọjà Ọba ńkọ́, tó ṣì dúró, tí ènìyàn ṣì ń sùn sínú rẹ̀? Nítorí pé ẹnì kan tí kò rí i rí kò kọ ọ́ sínú àpótí rẹ̀, ó di ohun tí kò sí. Mo tọ ọ̀gá mi lọ. Ó ń tẹ fóònù lọ́wọ́. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti ń jí dìde la ó máa ṣàtúnṣe rẹ̀, kò sí èyí tó máa jáde kí n tó wò ó. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀gá mi ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gba àyè lọ sí ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi. Ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ọmọ Màmá pè pé àwọn ti múra tán, kí á fi pláànù ránṣẹ́ sí kọngílá tó máa ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀gá mi tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó fi ránṣẹ́. Kò pè mí. Kò ṣí i wò.

Ọ́fíìsì ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí fóònù mi dún. Mo mọ ohùn Màmá, ṣùgbọ́n kò kí mi, èmi náà kò sì rí àyè kí i.

“Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n wá gbẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì sórí yèyé mi?”

Mo ní, “Màmá, kí lẹ wí?” Ó tún un wí bó ṣe wí i tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ó má jẹ́ kí wọ́n ṣe ohunkóhun, pé mò ń bọ̀. Mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Lójú ọ̀nà, obìnrin tó jókòó tì mí ń bi mí bóyá ara mi kò yá ni.

Nígbà tí mo dé, àwọn bíríkìlà jókòó síta, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Kọngílá ń rìn lọ rìn bọ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti ha sìmẹ́ǹtì ara ògiri kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré náà, wọ́n sì ti gbẹ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀ fún páìpù. Màmá jókòó sójú ẹnu ọ̀nà gan-an lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà, eruku amọ̀ bo gèlè rẹ̀.

“Láàárọ̀ ni mo ti wà níbí,” ló wí. “Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó gbé mi kúrò.”

Kọngílá fa pláànù yọ. “Ẹ bá mi wò ó, màdámù. Ṣé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fún wa la ń ṣe?”

Mo wò ó. Níbi tí mo kọ “Ojú oórì, ẹ má fọwọ́ kàn án” sí, “Tọ́ílẹ́ẹ̀tì” ló wà níbẹ̀. Àpótí tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì kò mọ ohun tó ń jẹ́ oórì. Yàrá tó kéré, tí kò ní fèrèsé, kí ló tún lè jẹ́? Wọ́n sì ti ya àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sí àárín rẹ̀ rèǹtè. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí mo yà sẹ́yìn ti di ibi ìkẹ́rùsí. Nísàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó yà á, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n yí gbogbo ohun tí mo ṣe padà, orúkọ mi nìkan ni wọn ò yí.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá nínú eruku yẹn. Mo ní, “Màmá, wallahi, èmi kọ́. Ẹ̀yin náà rí èyí tí mo yà. Wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà tuntun ni, ó bá yí i padà.”

“Kọ̀ǹpútà yí i padà?” ni Màmá bi mí. “Ṣé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ni?”

“Kò lọ́wọ́, Mà.”

“Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́, Mà.”

“Lọ sọ fún ẹni náà pé kó wá.”

Mo bẹ kọngílá pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó ní kò dìgbà tí mo bá bẹ òun, pé òun náà ní ìyá tòun. Mo padà sí Òṣogbo lọ́jọ́ náà, n kò yà nílé. Mo bá ọ̀gá mi àti ará Èkó náà nínú ọ́fíìsì, ẹni yẹn ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìjókòó.

Ọ̀gá mi fọwọ́ nu ojú. “Áà, ìyẹn ò dáa. Àṣìṣe ni. Padà lọ lọ́la, bá wa bẹ̀ wọ́n. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Sọ fún wọn pé a ti ń ṣàtúnṣe.”

“N kò ní lọ bẹ̀ wọ́n, sà.”

Láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

“Kí lo wí?”

“Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú. Òun ló tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi lẹ jọ fi sábẹ́ ohun tí n kò yà. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láàárọ̀ yìí, sà, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀. N kò tún kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni Màmá ń pè.”

Ará Èkó náà ní, “Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ ná. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Yàrá tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì, a gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀kan tó wà níbẹ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sọ́fítíwíà ò ní gbà á.”

“Mo kọ ọ́ síbẹ̀! O rí i! O ka ‘oórì’, o sì tẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì.” N kò mọ ìgbà tí mo fi “o” pè é, èmi tí mo máa ń fi “ẹ” bá ọmọdé sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọjú sí ọ̀gá mi. “Sà, sàréè bàbá yín wà níwájú ilé yín níbí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lọ́dún iléyá, ibẹ̀ lẹ ti máa ń ṣe àdúà fún wọn. Bí wọ́n bá kó ilé yín sínú tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì yìí, kí ni yóò pè é?”

Kí ọ̀gá mi tó lanu, ará Èkó náà ti dáhùn. N kò rò pé ó fi ibi ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rò. Ó ní, “Tó bá wà níwájú ilé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí.”

Ọ̀gá mi yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. N kò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Kò pariwo. Ó kàn dìde, ó ní, “Má tíì di ẹrù ẹ. A ń lọ sí Iléṣà.”

Ọjọ́ kejì ni a lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá lójú àwọn bíríkìlà. Ará Èkó náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo retí pé Màmá yóò bú wọn, kí n má purọ́, ó wù mí kó bú wọn. Kò bú wọn. Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n wọlé. Ó tẹ̀ lé wọn wọ yàrá náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Yèyé,” ni Màmá wí, ó fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì tó ń dán yẹn, “àwọn tó ní kí wọ́n ṣu sí yín lórí nìyí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.” Ó yíjú sí wọn. “Ó yá, ẹ kí wọn.”

Wọ́n kí wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, Màmá tún pe ọ̀gá mi padà. “Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé o. Mo ṣì fẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì mi. Èyí tí ọmọ yìí yà ni mo fẹ́.”

Wọ́n dí ihò náà, wọ́n rẹ́ ara ògiri padà. Mo ní ẹ̀dà módẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ilé náà nínú fláàṣì mi láti ìgbà tí mo mú un lọ hàn Màmá, òun ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́. Ọ̀gá mi ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí pláànù kankan jáde mọ́ láìjẹ́ pé mo fojú rí i. Èmi fúnra mi ni mo wọ inú tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì náà, tí mo fi ògiri alámọ̀ kún un, ti oríṣiríṣi ìnípọn, mo sì fi ojú oórì kún orúkọ àwọn yàrá. Kò le. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ bó bá bìkítà.

Ẹ lè rò pé inú mi rọ̀ nígbà náà. Kò rọ̀, nítorí kò pẹ́ tí mo fi rí i pé lẹ́yìn tí ará Èkó náà kó àwọn módẹ́ẹ̀lì wọlé tán, ó ti pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é. Ti Iléṣà nìkan ló wà nínú fláàṣì mi. Ti Ìbòkun, mo padà lọ wọ̀n ọ́n. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Ọjà Ọba, mo padà lọ wọ̀n wọ́n, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń bi mí pé ṣé ìjọba fẹ́ wó o ni.

Ó wá ku ilé ìwé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ ti kóra jọ, wọ́n fẹ́ tún ilé kíláàsì àkọ́kọ́ kọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láyé àwọn bàbá wọn. Wọ́n gbọ́ pé a ní àwòrán rẹ̀. Mo gbé téèpù, mo lọ. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, mú mi gba ẹ̀yìn àwọn kíláàsì tuntun kọjá, ó sì dúró síbi tí koríko ti ga.

“Ìjì ti wó o, mà. Ó ti ṣe díẹ̀. Wọ́n ní ẹ ti yà á kó tó wó, ìyẹn ló fi ọkàn wa balẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ ya koríko sápá kan, mo rí ìpìlẹ̀ òkúta, mo sì wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Ìyẹn nìkan ló kù tó ṣeé wọ̀n. Bí ògiri ṣe ga tó, bí fèrèsé ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sórí àwọn ọmọ níbi tí wọ́n jókòó sí, mo mọ gbogbo rẹ̀ nígbà kan, mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa báyìí ni ilé ìwé oníbúlọ́ọ̀kù kan tí ẹnikẹ́ni kò kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí.

Ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí, ó bi mí bóyá mo ti parí.

Mo ní, “Èyí ò lè parí, sà,” mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, n kò rẹ ohùn mi sílẹ̀ rárá.